Wọn Kì í Wo Ẹ̀gbẹ́ Nínú Báǹdì

Bí ẹnì kan bá sọ lójú mi pé báǹdì ilé-ìwé ò ju eré ọmọdé lọ, inú máa ń bí mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn báǹdì. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ariwo rẹ̀ pọ̀, oòrùn tó ń pa wọ́n nídìí rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó mú lọ nílé wa, kò sì tíì dá a padà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé Houston. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo wá kọ́, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin dé láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. A jọ ń gbé inú apátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì kan lẹ́bàá fíríwéè, níbi tí ìró mọ́tò kì í ti í dákẹ́. Ọjọ́ tó dé, ó fi ìborùn ìyá wa wé nǹkan gígùn kan, ó gbá a mọ́ àyà. Fèrè tírọ́ńbóònù ni, èyí tí wọ́n máa ń nà síwájú, tí wọ́n á tún fà sẹ́yìn bí wọ́n bá ń fọn ọ́n. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní ilé-ìwé ẹnjiníà. Ó ní báǹdì kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gba òun, wọ́n á sì bá òun gbé lára owó ilé-ìwé. Mo sọ fún un pé orí rẹ̀ ò pé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbà á.

Bàbá wa ló kọ́ ọ ní fèrè. Télọ̀ ni wọ́n ní Iléṣà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ka ara wọn sí ni báǹdímásítà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Obìnrin ni gbogbo wa tí wọ́n bí ṣáájú, a ò sì wúlò fún fèrè lójú tiwọn. Nígbà tí ọkùnrin wá dé, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gùn tó láti na tírọ́ńbóònù dé òpin tí wọ́n fi gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n á jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n á máa ran aṣọ, etí wọn á sì wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọn ọ́n. Tó bá ṣì í, ẹsẹ̀ wọn á dúró lórí máṣíìnì. Ìgbà tí a bá gbọ́ tí máṣíìnì tún dún ni a ó mọ̀ pé ó ti rí i tọ́.

Báǹdì ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa pátápátá. Láti oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn Houston ń jó bí ẹni tó bá èèyàn ní ìjà àtijọ́, wọ́n á ti kó àwọn ọmọ náà sí pápá. Wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé orúnkún sókè, bí wọ́n ṣe ń ju fèrè sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìlà kan ṣe ń gba àárín ìlà mìíràn kọjá láìfara kanra. Olúkúlùkù ló ní ojú ibi tirẹ̀ lórí koríko. Tó o bá wà ní ìsàlẹ̀, rúdurùdu lásán lo máa rí. Àfi kó o gòkè lọ jókòó kó o tó rí i pé ìràwọ̀ ni wọ́n ń yà, tàbí lẹ́tà orúkọ ilé-ìwé wọn. Àbúrò mi á wọlé nírọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ á ti wú, á ní, “Àǹtí mi, ẹ fún mi ní ice.” Màá fún un, màá sì bú u lé e.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin wọn lọ. Ní ọjọ́ eré bọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sáré yẹn, báǹdì máa ń tò láti ilé tí wọ́n ti ń múra, wọ́n á yan gba òpópónà lọ sí pápá, èrò á sì dúró lọ́tùn-ún lósì. Láti ìgbà tí ìlù bá ti dún títí wọ́n á fi wọlé, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kò gbọ́dọ̀ dáhùn tí wọ́n bá pè é. Ti àwọn ọmọ ọdún kìíní tún le jù, torí pé olórí ìlà á máa bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú wọn ni yóò máa wò. Ẹni tó bá yẹjú, wọ́n á fà á jáde níbẹ̀. Arọ́pò kan sì wà lẹ́yìn wọn tó ti wọ yunifọ́ọ̀mù látòkè délẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan ṣe é. Àbúrò mi ti ṣe arọ́pò yẹn fúngbà díẹ̀ kó tó rí àyè tirẹ̀, ó sì mọ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ṣe ń gbàdúrà.

Àárín ìgbà yẹn ni ìnira bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá níkùn. Wọ́n lo àgbo, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn, kò lọ. Mo ṣe ìwé ìrìnnà fún wọn, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí dókítà gbé àwòrán inú wọn sókè sí iná, mo ti mọ̀ kó tó yanu. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti wọnú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí i mọ́, kí a máa fún wọn lóògùn ìrora kí wọ́n lè lọ sílé lọ sinmi.

Mo padà sí yàrá tí Bàbá wà, mo ní, “Wọ́n ní kí ẹ máa sinmi dáadáa, Bàbá, ara yín á le.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ní kó o wá kọ́, mi ò ní kó o wá kọ́ irọ́.” Wọ́n ní kí n ran àwọn lọ́wọ́ kí àwọn wọ bàtà. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo ń so okùn bàtà náà ni wọ́n ti sọ fún mi pé kí àwọn tó padà sílé, àwọn fẹ́ rí ọmọ yẹn nínú báǹdì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọrọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Àbúrò mi gbọ́, ó sì di nǹkan mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Yàrá ìfọṣọ àwọn ará apátímẹ́ǹtì ló ń lọ fọn fèrè sí, títí àwọn aládùúgbò fi pe ọ̀gá ilé. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Àǹtí mi, tí eré bá ti parí, ẹ má jẹ́ kí Bàbá dìde o. Fifth quarter ni mo fẹ́ fi ṣe wọ́n ní surprise.” Ó ṣàlàyé pé bí eré bá parí, èrò kì í tú ká. Àwọn báǹdì méjèèjì á jókòó sí ààyè wọn, wọ́n á máa fèsì fún ara wọn, òfin á sì ti dẹ̀. Ó ti bẹ ọ̀gá báǹdì pé kó jẹ́ kí òun nìkan dìde fọn orin kan. Orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, èyí tí Bàbá fúnra wọn ṣètò ohùn rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá yọ òun kúrò lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn pẹ́nrẹ́n, ìyẹn náà ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé náà, afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀. Àwọn èèyàn ti kó mọ́tò wọn dé láti òwúrọ̀, wọ́n ṣí bútù sílẹ̀, wọ́n ń sun ẹran lẹ́yìn rẹ̀, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n rán fúnra wọn, mo sì fi kádígàn àbúrò mi lé e. Aṣọ náà ti tóbi jù fún wọn. Èrò mi ni pé kí a wọlé lọ jókòó lókè níbi tí wọn yóò ti rí ìràwọ̀. Bàbá ní rárá.

Wọ́n ní, “A kì í lọ jókòó de báǹdì. Ojú ọ̀nà la ti ń pàdé rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Iléṣà lóòótọ́. Ní ọjọ́ ìkórè, tí báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì bá yí ìlú ká, àwọn òbí á dúró sí etí ọ̀nà. Bí ọmọ rẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá ki oríkì rẹ̀, ọmọ náà á sì tẹ fèrè rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kọjá. Bàbá ló fi í lélẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó ń fọn fèrè fún Ọlọ́run tí kò kí bàbá rẹ̀, ariwo ló ń pa. Mo mọ òfin ti Bàbá, mo mọ ti báǹdì Amẹ́ríkà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé àwọn méjèèjì lè pàdé lójú ọ̀nà kan náà.

A dúró sí etí òpópónà. Màmá aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti jáde ní ilé-ìwé náà tipẹ́, gbé àga rẹ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá ò jókòó. Ìlù dún. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà wa. Àwọn onítírọ́ńbóònù ló máa ń wà níwájú torí fèrè wọn gùn, àbúrò mi sì wà ní ìparí ìlà àkọ́kọ́, ní ọwọ́ tiwa gan-an. Ìyẹ́ funfun wà lórí fìlà rẹ̀. N ò tíì rí i kó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń wá bí màá ṣe sọ fún un nígbà tó bá délé.

Bàbá bọ́ síwájú. Mo di apá kádígàn náà mú. Ìlù já lẹ́ẹ̀kan, àárín ìjá yẹn ni wọ́n sì ki oríkì rẹ̀. Àìsàn ti mú ohùn wọn lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn jáde ketekete. Ọmọ náà ò ju kí ọwọ́ tó o lọ. Mo rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n. Mo rí i tí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le. Olórí ìlà yí ojú sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo iwájú, ó ń gbé orúnkún, fèrè ò wálẹ̀. Bàbá tún ki oríkì náà. Ìgbà kejì yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Màmá yẹn rí ojú Bàbá. Ó sọ sí mi létí pé kí n sọ fún Bàbá pé ọmọ náà ò lè wẹ̀yìn, wọ́n á lé e kúrò ni. Mo sọ ọ́. Mo tún fi tèmi kún un, pé torí kí Bàbá lè rí i nínú pápá ló ṣe fara dà á.

Bàbá ní, “Mo gbọ́. Bá mi sọ fún màmá yìí pé bàbá ọmọ yẹn ni mí, n kì í ṣe èrò ọ̀nà.” Wọ́n wá jókòó sórí àga náà.

A wọlé lọ jókòó. Nígbà tí ìsinmi àárín eré tó, báǹdì ya wọ pápá, gbogbo èèyàn dìde dúró. Àwọn ìlà tú ká, wọ́n gba ara wọn láàárín, ìràwọ̀ náà sì là sílẹ̀ kedere, àwọn onítírọ́ńbóònù ní ẹnu ṣóńṣó rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo ní, “Bàbá, ẹ dìde kẹ́ ẹ wò ó. Òun ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin tó dúró níwájú wọn ni wọ́n ń wò, bíi pé wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti rí i. Ojú ọ̀nà ni mo ti rí i.”

Inú bí mi sí wọn. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ṣe mí bíi kí n gbá wọn lápá mú kí n fà wọ́n dìde. Wọ́n fò láti Iléṣà wá, ẹ̀mí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́, ohun tí wọ́n tọrọ ń jó níwájú wọn, wọ́n ń wo etí ṣòkòtò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ikùn mú. Mo mọ ìrora gidi tí mo bá rí i, ìrora gidi ni. Mo ní kí wọ́n lo oògùn kí a sì dúró díẹ̀, pé ọmọ wọn ní nǹkan kan tó fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò lẹ́yìn eré. Wọ́n ní ó ti ṣe àwọn lálejò láàárọ̀. Mo mú wọn lọ sínú mọ́tò.

Inú mọ́tò la wà tí eré fi parí. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá fi orí ti ẹ̀yìn, wọ́n dijú. Mo yí gíláàsì wálẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. A ń gbọ́ tí àwọn báǹdì méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn nínú pápá. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, tírọ́ńbóònù kan ṣoṣo wá bẹ̀rẹ̀ orin ìkórè wa.

Bàbá lajú. Wọn ò bi mí ta ni. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu orúnkún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó dé ibi kan tí orin náà ti ń gòkè, wọ́n mirí, wọ́n ní, “Ó tún mí èémí níbẹ̀ yẹn. Mo ti ní kó má ṣe mí níbẹ̀ yẹn.” Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi bo ojú. Èjìká wọn ń mì títí orin náà fi parí, tí èrò hó yèè. N ò tíì rí Bàbá kó sunkún rí, kódà nígbà tí ìyá wa kú.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní kí n sáré lọ pè é wá. Wọ́n di aṣọ mi mú.

“Má sọ fún un pé mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun ni. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ fún un. Ṣé o gbọ́ mi?”

Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.”

Àbúrò mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbogbo yunifọ́ọ̀mù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń retí. Bàbá ní, “Dìde, aṣọ aláṣọ lo wọ̀ yẹn. Ṣé o ti jẹun?” Ó wá bá mi ní kíṣìnì, ó rọra sọ pé, “Àǹtí mi, mo wòkè, seat yín ti ṣófo.” Mo ní ara Bàbá ò yá ni. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ fún.

Bàbá ò sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọn ò sọ ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kù. Wọ́n bá a tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un lálaalẹ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú, mo mọ̀ọ́mọ̀ ní mo fẹ́ lọ ra omi, mo sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo padà, ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n gbá orí ọmọ náà mọ́ àyà díẹ̀, wọ́n sì wọlé lọ. Bí mo bá rí láìnì Nàìjíríà gbà lórí tẹlifóònù, mo máa ń bi Bàbá bóyá wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Wọ́n á ní kò ṣeé sọ lórí wáyà, kí n má ṣe kánjú.

Wọ́n kú nígbà ọyẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti sin wọ́n kí a tó gbọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbúrò mi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, kò sunkún, ó kàn ń sọ ohun kan ṣoṣo ṣáá, pé Bàbá lọ pẹ̀lú ìbínú òun nínú. Ní ìgbà yẹn ni mo tó la ẹnu. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, gíláàsì mọ́tò tí mo yí wálẹ̀, ìka tó ń lu orúnkún, fìlà tí wọ́n fi bojú. Mo ní, “Wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n tiẹ̀ ní o mí níbi tí kò yẹ kó o mí.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ta ni nílé wa tí kò mọ̀ pé ohun tí Bàbá máa sọ nìyẹn? Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́.”

Mo búra. Mo dìde lọ gbé Bíbélì. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má ṣe fi Bíbélì búra torí òun. Ó wá béèrè pé tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí n ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí mo ń wo òun tí òun ń jẹ ara òun níyà. Mo ní Bàbá ló ní kí n má sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an gbọ́ bó ṣe dún létí, ó dún bí ohun tí èèyàn rò jọ lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò mi ò bá mi jiyàn. Ó rọra dìde, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú.”